Orúkọ Tó Wà Lára Páálí

Èmi àti obìnrin Filipíìnì kan la jọ ń gbé yàrá kan ní Al Nahda, ní Sharjah. Bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti máa ń ṣe, díẹ̀díẹ̀ ló ń kó ọṣẹ àti ṣokoléètì sínú páálí ńlá tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Àfi bí ìyá náà ṣe kú. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní tó bá lọ sìnkú kí ọdún méjì inú ìwé àdéhùn tó pé, yóò san owó oṣù mẹ́ta. Ìwé ìkà! Mo bú ọ̀gá yẹn títí ẹnu fi ń ro mí. Ọ̀rẹ́ mi kò lọ; ó ń kó ọṣẹ sínú páálí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn tó ń bá wọn kó ẹrù lọ sílé wá gbé páálí, mo mú bírò kí n fi pa orúkọ ìyá rẹ̀ rẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi orúkọ náà sílẹ̀.