Kò Sẹ́ni Nínú Yàrá Ìta

Mo rántí ìgbà tí n kò gbọ́ ohùn mìíràn ní Ṣábẹ̀ ju ìró ìdábùú ìlẹ̀kùn lọ. Bí mo bá ti yọ lójú pópó pẹ̀lú jílè, ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tí mérì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, fún wa, ìlẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láti ilé dé ilé, ó di ìgbà tí mo bá kọjá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò ju kí n bi àwọn onílé léèrè lọ: yàrá mélòó ni wọ́n fi ń háyà, àwọn wo ló ń gbé inú rẹ̀, ṣé omi wà, ṣé iná wà. Ìlú fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń rílé gbé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Lójú àwọn onílé, owó-orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi, èmi sì ni ajá tó ṣáájú ọdẹ.

Pọ́bẹ̀ ni mo ti wá. Agboolé wa níbẹ̀ kún débi pé ẹni tó bá ń wẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọrin kí wọ́n má baà já wọlé bá a. Ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ náà, mo ń yangàn fún ìyá mi pé mo fẹ́ lọ sinmi ariwo wọn. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kò pẹ́ tí mo dé Ṣábẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò ọbẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Èdè wa kò jìnnà síra, a ń gbọ́ra wa, síbẹ̀ bí mo bá ti lanu, àwọn ọmọdé á máa sín mi jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí àpáta kan lẹ́yìn ilé, kí n máa wo àwọn òkè ìlú náà, kí n máa retí ẹni tí yóò bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé.” Èmi ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo dé.

Yàrá ìta ilé ìyá opó kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Plateau ni mo ń gbé. Àbúrò wọn ọkùnrin, tí a jọ mọra níbi iṣẹ́, ló mú mi débẹ̀. Ìyá onílé yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gaàrí ni wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn láìgbójú sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan wà lórí ìṣó nínú yàrá náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sì bá mi sọ lọ́jọ́ tí mo dé ni pé kí n má ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kanlẹ̀kùn, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbọn eruku ara ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á jáde. Ojú wọn á kọjá lára mi bí ẹni pé àga ni mí. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ mi ni, kí n má baà jí nǹkan wọn gbé. Kí n má purọ́, inú bí mi. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Iṣẹ́ náà kò sì lọ. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa ni, “Ayálégbé mélòó lẹ ní?” Gbogbo onílé tó bá ṣílẹ̀kùn á ní òun kò ní ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kan, mo bá bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé isu dé láti oko rẹ̀ ní Bessé. Bàbá náà ní òun kò ní ayálégbé, bẹ́ẹ̀ aṣọ oríṣiríṣi ìdílé ń gbẹ lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀! Mo nawọ́ sí aṣọ náà. Bàbá wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ẹni tó bá yá nǹkan a máa dá a padà,” ó ní. “Ṣé ilé mi ni wọ́n fẹ́ gbé dá padà fún mi? Àlejò mi ni wọ́n.”

Ẹ̀rín pa mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín ní ìlú náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo pa ayálégbé tì, mo ń béèrè àlejò, ni ẹnu bá là. Àwọn onílé kò kàn ka àlejò wọn fún mi, wọ́n ń ròyìn wọn: tíṣà tó wà lọ́hùn-ún kì í jẹ ata, ìyàwó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí n rọra sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú. Kí ni ìyá onílé mi yóò sọ nípa tèmi? Bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé n kì í jẹ ata, ó tó mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan ní Ṣábẹ̀ pè mí ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ilé wa sí ìkẹyìn ní àdúgbò náà.

Nígbà tí kò sí ilé mìíràn mọ́, mo wọ jílè, mo gba ojú títì yípo bí ẹni tí kò mọ̀nà, mo sì kan ìlẹ̀kùn ilé tí mo ń gbé. Ìyá wà nídìí gaàrí. Wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè mi wẹ́rẹ́, títí mo fi béèrè pé ta ni àlejò tó ń sùn ní yàrá ìta.

“Kò sẹ́ni níbẹ̀.”

Mo rò pé wọn kò gbọ́ mi dáadáa. “Yàrá tí mo wà ni mò ń wí, ìyá.”

“Mo gbọ́. Ọmọ mi tó lọ Gàbọ́ọ̀n ló ni ín. Kò tíì dé.”

Ó dùn mí wọ egungun. Mo fẹ́ sọ pé ẹ wò mí, èmi nìyí, èémí mi ń jáde, èémí mi ń wọlé. Àmọ́ mo rí i pé wọ́n ti gbé igbá tí wọ́n fi ń ro gaàrí sílẹ̀, wọ́n ń wo fèrèsé yàrá ìta, mo sì rántí ṣẹ́ẹ̀tì orí ìṣó. Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹlòmíràn ń gbé ibẹ̀, bí ẹni pé mo kọ ọ́ pé ọmọ wọn kò ní padà wá ni. Wọ́n bi mí pé kí ni mo kọ. Mo ní mo kọ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì ń bá gaàrí wọn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé abọ́ iyán kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín.

“Ẹni tí kò sí níbẹ̀ náà ń jẹun,” wọ́n ní, wọ́n sì yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e wá títí iṣẹ́ mi fi parí. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi, ìyá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà tiwọn, a ó jẹun láìsọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n se é fún àbí ọmọ wọn. Mo ń jẹ ẹ́ tán, mo ń fọ abọ́.

Mo ti padà sí Pọ́bẹ̀ tipẹ́. Ilé mi kún, ẹni tó bá ń wẹ̀ ṣì ń kọrin. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, láàárín ariwo náà, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣì wà lórí àpáta yẹn, tí mò ń retí ẹni tí yóò kí mi. Mo máa ń pe ìyá bí Kérésì bá dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi wọ́n pé ta ló wà ní yàrá ìta báyìí, torí mo rò pé wọ́n á ti gba àlejò mìíràn. Mo ń gbọ́ igbá tó ń ha agbada.

“Kò sẹ́ni níbẹ̀,” wọ́n ní. “Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ ò tíì dé.”