Ọjọ́ Tí Ẹ̀ka Máńgòrò Wa Gba Orí Òrùlé Alhaja Kọjá

Màmá mi ló gbin igi máńgòrò náà lọ́dún tí a kó wọ ilé wa ní Ire-Àkárí, nígbà tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni Màmá, ọmọ Èkìtì. Ó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń bá igi yẹn wí bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí. "Ìwọ, má so sí ọ̀dọ̀ Alhaja mọ́ o." Igi ò gbọ́. Ọ̀dọ̀ Alhaja gan-an ló fẹ́ràn jù.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin àwa àti Alhaja. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, aṣọ ló ń tà ní Òṣòdì. Ẹ̀ka mẹ́rin ló nà sórí páànù kíṣìnnì rẹ̀, tí máńgòrò bá sì ti pọ́n, gbì, gbì ni yóò máa dún níbẹ̀ láti ìdájí. Ó fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìjì kan jà, èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹ̀ka náà là, kò sì já. Ó kàn ń mì lókè. Alhaja wá dúró lẹ́nu géètì wa.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè máa dé akoto dáná."

Ikọ̀ agégi méjì ló wá wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí páànù Alhaja kúrò. Alhaja ní, "Páànù ta ni?" Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ káàárọ̀" gbígbẹ lásán ló kù láàrin òun àti Màmá.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi, tó ń gbé ní Ọ̀kọ́tà, ló júwe tọkọtaya kan tó ń gé igi fún mi. Ọkọ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ okùn ní èbúté Àpápá. Ìyàwó sigbọnlẹ̀, ó wọ jíǹsì, ó dé fìlà. Màmá rò pé oúnjẹ ló gbé wá fún ọkọ rẹ̀, ó ti ń gbé àga fún un.

"Rárá, mà," ìyàwó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo máa di okùn mú. Tí mi ò bá sí nílẹ̀, kò ní gun igi kankan."

"Òótọ́ ni, mà," ọkọ wí.

Ó gun igi lọ, ó so okùn kan tó ki bí àtàǹpàkò mọ́ òkè pátápátá. Wọ́n ta okùn náà gba orí òrùlé Alhaja kọjá, wọ́n so òdìkejì rẹ̀ mọ́ ìdí igi fúrúùtù tó wà létí títì níwájú ilé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan wà lórí okùn yẹn. Ara rẹ̀ ni wọ́n á so ẹ̀ka kọ́ kí wọ́n tó gé e, ẹ̀ka á sì máa yọ̀ lọ títí dé títì láì fara kan páànù. Okùn kejì ni ìjánu. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka, wọ́n lọ́ ìyókù mọ́ ìdí máńgòrò, ìyàwó sì di etí rẹ̀ mú. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ẹ̀ka á rìn. Bó bá fún un, ẹ̀ka á dúró.

Màmá wò ó títí. "Ó jọ okùn ìsáṣọ," ló wí.

Ẹ̀ka àkọ́kọ́ lọ fìrì. Alhaja wò ó láti ojú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó padà sídìí fíìmù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀ka ńlá tó là yẹn. Ẹ́ńjìnnì ìgégi ọkọ hó, ẹ̀ka já, okùn tẹ̀ kọdọrọ nítorí ó wúwo. Ó rìn dé àárín òrùlé, ewé rẹ̀ kọ́ abọ́ sátẹ́láìtì Alhaja, ó sì dúró síbẹ̀. Kò lọ, kò bọ̀.

A gbọ́ ohùn Alhaja láti inú ilé. "Wọ́n ti fẹ́ mú ọkùnrin yẹn tán ni tẹlifíṣọ̀n kú!"

Ó jáde, ó wòkè, ó rí odidi igi tó so rọ̀ lórí kíṣìnnì rẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Ìyàwó so ìjánu mọ́ ìdí igi, ó rọra rìn jáde lọ bá a.

"Alhaja, ẹ má bínú. Okùn ló dẹ̀. Ẹ wá bá wa fà á."

Alhaja wẹ̀yìn bóyá Alhaja mìíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ìró rẹ̀ le.

Bí èmi, Màmá àti Alhaja ṣe tò sídìí igi fúrúùtù nìyẹn. Irin kan wà níbẹ̀ tó ń di ohun tí a bá ti fà mú, tí kì í jẹ́ kó padà. Ọkọ ń ké láti òkè pé, "Ẹ fà á!"

"Tíṣà, ẹ gbára lé e, ẹ má fọwọ́ nìkan fà á!"

"Alhaja, ọjọ́ orí mi ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mo kéré sí yín ni? Ẹ fà á jàre!"

Ẹ̀ka gbéra díẹ̀, ó yí po, ó bọ́ lára abọ́. Ìyàwó sáré padà sídìí ìjánu. "Ẹ yà fún un o!" ni ọkọ ké. A túká. Ẹ̀ka náà wá bà sétí títì jẹ́jẹ́ bí ẹyẹ, tèso-tèso. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ tún abọ́ ṣe, ṣùgbọ́n fíìmù ti parí. Nígbà tó ku ẹ̀ka kan, Màmá ní òun fẹ́ di ìjánu mú. Ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jọ dì í. Màmá ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá okùn yẹn lè gbé èèyàn. Wọ́n ní rárá. Ó ní òun kàn béèrè ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Alhaja fi tún kan géètì wa. Ó ní oòrùn ti wọ kíṣìnnì òun jù. "Tíṣà, kí lèèyàn lè gbìn síbẹ̀ tí kò ní ga jù?" Màmá ti ń wá bàtà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó àti igi lọ́nà Ọ̀kọ́tà, wọn ò sì tètè dé.