Abẹ́rẹ́ Ọ̀fẹ́ Tí Mo Lọ Dínà ní Igando

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àsíátù ọmọ mi, tó ń gbé ní Igando, ló pè mí pé wọ́n fẹ́ gún Ròkíbà, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, ní abẹ́rẹ́ ìgbóná nílé-ìwé, irú ìgbóná tó máa ń sú sára ọmọdé. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ lọ́la, Ròkíbà nìkan sì ni ọmọ-ọmọ tí mo ní.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Ìyànà Ìpájà. Mo fẹ́ tọ̀, wọ́n gba igba náírà lọ́wọ́ mi! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìnkùlé ti tó. Ìlú tí àgbà kò lè tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe?

Mo sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà fún obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ Igando. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ra máákà dúdú ṣá. Ọmọ tó bá ti gbà á, èékánná ìka kékeré òsì ni wọ́n máa ń kùn. Tí nọ́ọ̀sì bá ti rí i, á fò ó ni, jàre."

Mo dúpẹ́ títí ó fi bọ́ọ́lẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Kí Àsíátù tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo ti kun èékánná ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fò ó lóòótọ́. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí Ròkíbà jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀.

Àsíátù bú sẹ́kún nígbà tí mo sọ ohun tí obìnrin inú ọkọ̀ kọ́ mi. "Bàámi, àdúrà ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe sí i! Ta ni obìnrin yẹn? Ṣé ẹ mọ ilé ẹ̀ ni? Ọmọ yàrá kejì yìí ńkọ́, ìgbóná náà ló gba ojú ẹ̀."

Ọmọ ọ̀hún ti kí mi lánàá láìwo ojú mi, mo sì pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ojú tì mí gidigidi.

A mú Ròkíbà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòtún. Nọ́ọ̀sì gbé ìka rẹ̀ sókè.

"Èyí ti gbà á. Ẹlòmíràn!"

Àwọn ìyá ọlọ́mọ kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo dìde.

"Èmi ni mo kùn ún, ẹ jọ̀ọ́."

Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́. "Bàbá, ẹ wá di ọwọ́ ọmọ yín mú."

Mo dì í mú. Èmi ni Ròkíbà ń ké pè bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé.

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mo rí i dínà. Mo ní èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ti fowó rà mí. N kò bá wọn jà. Èmi náà ṣì ń pe Àsíátù lójoojúmọ́ pé ṣé ara ọmọ dá. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Mo fura sí ilé-ìwé, mo fura sí nọ́ọ̀sì, mo fura sí ọmọ bíbí inú mi. Ẹni tí n kò mọ̀ rí nìkan ni n kò fura sí.