Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Mì Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Ilé-ìwé wa wà lẹ́bàá Ring Road, ó sì kéré débi pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa náà ló ń kọrin nínú kúáyà, òun náà la ó tún fà sílẹ̀ tí dìbéètì bá dé. Gbogbo wa la mọ ilé ara wa, a sì mọ iṣẹ́ bàbá ara wa. Bàbá tèmi ń ṣe wẹ́dà ní Challenge.

Ní ìparí ọdún, ilé-ìwé máa ń pe àwọn òbí wá wo eré. Tíṣà Yorùbá wa ló kọ ti ọdún yẹn: ọba kan fẹ́ pa ọmọ tirẹ̀ nítorí òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, olorì sì wá bẹ̀bẹ̀. Èmi ni wọ́n mú ṣe olorì. Tí a bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mò ń gbà lọ, n ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn géètì tí wọn kò tíì kùn, n ó máa bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi á ṣí ìbòjú tí wọ́n fi ń jó irin, wọn á di Kábíyèsí. Wọn á ní, "Ẹ pa á! Mo ti wí!" Wọn á wá bú sẹ́rìn-ín, wọn á ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyá ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa gbé Píjò rẹ̀ wá láti Bódìjà. Mo mọ̀ pé àgbà ni, ṣùgbọ́n n kò ní sọ "wọ́n" fún un níbí. Ó ní òun á yá wa ní aṣọ òkè, iyùn, àti àga tí àwọn òbí máa jókòó lé, bí ọmọ òun náà bá lè rí ipò gidi nínú eré. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà pè mí.

"Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ yìí jù," wọ́n ní. "Ìwọ ni kí o jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, kí o máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹni tó bá gbàgbé. Iṣẹ́ ńlá ni o."

Iṣẹ́ ńlá! Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì jáde. Lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ náà tí wọ́n ti gbé ipò mi fún, tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ wẹ́dà ṣe máa ṣolorì? Ṣé irin ló fẹ́ so mọ́rùn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti kórìíra rẹ̀. N kò fẹ́ kó kú o. Mo kàn fẹ́ kí ojú tì í níwájú ìyá rẹ̀.

N kò lè sọ fún bàbá mi pé ipò náà ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fọ́nnu fún gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò, wọ́n sì ti rán fìlà tuntun. Bí mo ṣe yọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n pariwo, "Olorì, ẹ káàbọ̀!" Mo bá kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Bí ọmọ yẹn bá gbàgbé ọ̀rọ̀, tí èmi náà sì pa ẹnu mi mọ́, wọn á fa kọ́tìnnì, tíṣà á sì ní láti wọ aṣọ náà fún mi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Bàbá mi á rí mi, ojú á sì ti ọ̀tá mi.

Ọ̀sán Sátidé ni eré. Àwọn tó gbé mọ́tò wá jókòó síwájú lórí àga Bódìjà. Bàbá mi dúró sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú fìlà wọn. Iná irin ti ba ojú wọn jẹ́. Ẹni tó bá jìnnà díẹ̀, aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Èmi àti ọmọ náà sì ga dọ́gba. N kò ro èyí rárá.

Ọmọ náà jáde, gèlè bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo bí i..." Ó dákẹ́. Ó tún un sọ, ó tún dákẹ́. Ó wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ká bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ eré sí, mo jókòó lé e.

"Jọ̀ọ́," ó sọ kẹ́lẹ́. "Kí ló kàn?"

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lolorì."

Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́, n kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìyá rẹ̀ fi pọ́ọ̀sì bojú. Tíṣà ti di okùn kọ́tìnnì mú, èmi náà sì ti ń tú bọ́tìnnì yunifọ́ọ̀mù mi.

Ohùn kan bá ké láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: "Má bẹ̀rù, ọmọ mi! 'Ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi gbà á!'"

Bàbá mi ni. Wọ́n rò pé èmi ni mo wà níbẹ̀.

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò wo ẹ̀rín. Wọ́n fi èyí tó kàn lé e: "'Ẹ ní imú yín ló gbé wáyé!'" Ọmọ náà gbá ọ̀rọ̀ náà mú, ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé wọn pẹ̀lú omi lójú, títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn òbí dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ pariwo pé èmi kọ́ nìyẹn o. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo de bọ́tìnnì mi padà.

Lẹ́yìn eré, bàbá mi gba ẹ̀yìn wá, wọ́n mú ìgò mínírà kan dání tí wọ́n ti ṣí. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi dé iwájú olorì. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́, wọ́n rí mi, wọ́n rí bébà tó ká lábẹ́ mi.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ̀yin lẹ yọ mí."

Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi nípa iṣẹ́ wọn wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á mú ìgò wọn kúrò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, bàbá mi náà á gbọ́ ọ. Mo gbé e mì.

"Gbà, ọmọ mi," wọ́n sọ fún un. "Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo ti dárí ji tíṣà. Mo ti dárí ji ìyá ọmọ náà pàápàá. Ṣùgbọ́n mínírà tí bàbá mi rà fún mi, ojú mi ló ṣe mu ún tán, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Ìyẹn, n kò ní fi jì í.