Ẹyẹ Ẹlẹ́yẹ Tó Kó Sókùn Àparò

Ní Ògbòòrò níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé adìẹ mi kì í ṣe jíjẹ láìtọrọ. Gbogbo wọn ni mo so àkísà pupa mọ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti jẹ àkùkọ mi kan rí. Orí ààtàn ni mo ti rí àkísà ẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀, mo bú olè náà títí ẹnu fi ń ro mí.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí àbúrò ọkọ mi gbé ẹyẹ kan wọ agboolé. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti sun igbó, lékeléke ń ṣa tata kiri nínú eérú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe lékeléke. Ó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ara rẹ̀ funfun, etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Baba ọkọ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àkọ̀ ni, pé àwọn rí i nígbà èwe àwọn, pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, bí òjò bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á padà sílé.

Okùn tí àbúrò ọkọ mi dẹ fún àparò ló mú un. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìkómọ ń bọ̀, kò sì sí ẹran.

"Ìyàwó wa, Ọlọ́run ti pèsè!"

Èmi ń wo ẹsẹ̀ ẹyẹ. Òrùka kan wà níbẹ̀ tó ń dán, wọ́n kọ nǹkan sí i lára.

"Ọkọ mi, ẹ má pa á o. Ẹyẹ ẹlẹ́yẹ ni."

"Ta ló ń sin ẹyẹ inú igbó?"

"Ta ló wá so nǹkan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀? Àbí ẹyẹ ló so ó fúnra ẹ̀?"

Ó ní ó dáa, bí ẹni tó ni ín kò bá yọjú títí di àárọ̀ ìkómọ, òun á dú u. Mo ní mo gbà. Mo fi agbọ̀n bò ó, mo ń wá tata fún un.

Mo kọrí sí mọ́sálááṣí. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, làdáánì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ bá sọnù, kó lọ bá Ìyá Aládìẹ o!" Háà! Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ọjà. Ọkùnrin kan tiẹ̀ gun ọ̀kadà láti Ìlúà wá, ó ní òun lòun ni ín. Mo bi í pé kí ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ní èékánná. Mo lé e dé títì.

Ilé wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá ìkókó kò kí mi mọ́, kò sì jẹ̀bi. Ta ni kò fẹ́ ẹran nínú ọbẹ̀ ìkómọ ọmọ rẹ̀?

Ọjọ́ ìkómọ pé, kò sẹ́ni tó yọjú. Mo gbọ́ tí àbúrò ọkọ mi ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo wọ ilé adìẹ, mo mú àkùkọ mi àgbà, èyí tí mo máa ń sọ pé àfi tí mo bá kú kí wọ́n tó pa á, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ṣé ara yín yá?"

"Ẹ tètè pa á kí n tó yí ọkàn padà!"

Mo tú àkísà ẹsẹ̀ àkùkọ, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ kejì ẹyẹ náà, kí ẹni tó ni ín lè mọ̀ pé ó gba ọ̀dọ̀ èèyàn kọjá. Mo gbé e dé oko, mo tú u sílẹ̀, ó fò lọ. Inú mi dùn gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè fẹnu kan ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tí wọ́n tún sun igbó, àbúrò ọkọ mi náà ló ń pariwo láti oko, ọmọ rẹ̀ wà léjìká rẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹyẹ yín dé o!" Mo sáré. Àwọn àkọ̀ dúró nínú eérú. Òrùka ń dán lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí àkísà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kejì.

"Àkísà yín ti já," ló wí.

"Já kẹ̀? Èmi ni mo so ó. Wọ́n tú u ni. Ẹni tó ni ín ti rí i."

Ó ń wo ẹyẹ. Nígbà tó yá, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó lọ ń ká okùn tó dẹ sílẹ̀ fún àparò. Mo bá a ká a.