“E Ma Mu Omi Yen”

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé yàrá àyẹ̀wò omi ní Westchase, ní Houston, ọ̀gá mi, obìnrin ará Vietnam kan tí à ń pè ní Lan, da omi ìgò kan nù sínú síǹkì lójú mi. Èmi ni mo lọ bu omi náà láti Missouri City, mo sì fi yìnyín tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ jálẹ̀ freeway kí ó má baà gbóná. Ohun tí mo gbàgbé ni láti lẹ àkọlé mọ́ ìgò. Mo ṣàlàyé pé mo mọ ibi tí mo ti bu ú dájú. Ó ní òun gbà pé mo mọ̀ ọ́n lónìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ ọ́n lọ́la? Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì. Ìrántí a máa fẹ́ kí gbogbo ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ wa kò ju kí a wá kòkòrò àìfojúrí àti òjé inú omi lọ. Ìwádìí tí mo ń ṣe níbẹ̀ ni ó gbé mi dé abẹ́ ìròyìn, ìyẹn ibi tí àwọn òǹkàwé ti ń kọ kọ́mẹ́ǹtì lórí ojú ìwé ayélujára tí àwa Yorùbá Houston ń kà. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán kan ni mo rí ẹni tó ń béèrè ìdí tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń rùn bíi ti swimming pool. Mo dá a lóhùn, mo sọ ibi tí mo ti rí ìmọ̀ náà, mo sì fi èrò tèmi sí ìsàlẹ̀, mo pè é ní èrò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Aunty Omi. Ohun tí mo ń fẹ́ mọ̀ nígbà gbogbo ni ohun tí ènìyàn ń fi òtítọ́ ṣe lẹ́yìn tí ó bá kà á tán. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé, “Aunty, it's too long. Ṣé ká mu ún àbí ká má mu ún?”

Ẹni tí kì í kọ ọ̀rọ̀ gígùn ní tirẹ̀ ni Alàgbà Akínbọ̀dé ti Missouri City, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì, àgbà ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ̀wé nípa táyà, àwọn ènìyàn á dáhùn pé, “Àmín, Daddy.” Èmi àti àwọn ti jiyàn lẹ́ẹ̀kan rí lórí omi kànga. N kò rántí ẹni tó jàre, èyí tó jẹ́ kí n fura pé àwọn ni.

Ní ọdún tí òtútù ńlá bẹ́ páìpù káàkiri ìlú, ìjọba ìlú kìlọ̀ pé kí a máa se omi kí a tó mu ún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé, tí a bí sí Houston níbí, tó sì ń tọ́ ìbejì jòjòló ní Mission Bend, béèrè lábẹ́ ìròyìn náà bóyá òun lè fi omi tó ń jáde lára fíríjì òun po mílíìkì àwọn ọmọ, nítorí pé asẹ́ wà nínú rẹ̀. Asẹ́ fíríjì lè mú òórùn kúrò lára omi. Kì í pa kòkòrò. Ohun tí ikùn àgbàlagbà yóò fara dà lè gbé ọmọ jòjòló dé hospital. Mo ṣì ń wá orísun tí n ó tọ́ka sí nígbà tí Alàgbà ti dáhùn:

“E ma mu omi yen o. Mo ti wadi re.”

Àmín ti tò sí abẹ́ rẹ̀. Ṣadé náà kọ ọ́ pé, “Thank you Daddy, o ti ye mi.”

Ẹ máa mu omi yẹn ni mo kà. Mo kọ̀wé pé kí Alàgbà má ṣe bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní jàǹbá. Kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tutù, kí a tó lò ó. Alàgbà fèsì pé ta ló kọ́ mi láti máa bá àgbà jà lójú ọjà. Mo fi orísun méjì sí i. Wọ́n ní kí n lọ kà á dáadáa. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí àwọn ìbejì ń mu lọ́wọ́ nígbà náà. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo wá nọ́ńbà Ṣadé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, mo pè é.

“Ṣadé, omi wo lo fi po mílíìkì àwọn ọmọ?”

“Bottled water, Aunty. Daddy ti ní ká má mu ti fíríjì.”

“Níbo ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ibẹ̀ náà. Ẹ má mu omi yẹn.”

Mo jókòó. Mo bi í bí ó ṣe mọ̀ pé má ni, tí kì í ṣe máa.

“Ṣé òmíràn wà ni? Gbogbo Yorùbá tí Mummy ń sọ fún mi nílé, má ni. Má sáré. Má fọwọ́ kàn án. Má wo àgbà lójú.” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Aunty, I didn't even know there was a nice one.”

Mo pe Alàgbà, mo tọrọ gáfárà, mo sì ka ọ̀rọ̀ wọn sí wọn létí bí mo ṣe kà á. Wọ́n ní, “Mo ní kí wọ́n má mu ún. Ìwọ náà ní kí wọ́n má mu ún. Kí la wá ń jà sí?” Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn rọ̀. “Ohun tí o rò nípa mi lo kà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi náà kò kọ ọ́ tán.”

Wọ́n tún un kọ lójú ẹsẹ̀: Ẹ kò gbọdọ̀ mu omi yẹn. Nítorí náà, èyí àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Lónìí, Alàgbà ń búra pé àwọn fi àmì sí orí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní lẹ́tà a méjì ni òun rí, maa. Èmi ṣì ń rí ma lásán, kò sí àmì, kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ti sọ bí ìrántí mi ṣe rí. Mo bi àwọn tó ṣe Àmín léèrè bí wọ́n ṣe kà á. Àwọn kan ti ń se omi, àwọn kan ti mu ún. Ẹnì kan jẹ́wọ́ pé òun kò kà á rárá. Bí òun bá ti rí orúkọ Daddy, Àmín ni.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Lan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó fa ìwé àkọlé ìgò kan yọ, ó kọ ma sí i lọ́nà mẹ́ta, ó sì yí àmì rẹ̀ padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ní èdè tiwọn, ọ̀kan jẹ́ iwin, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gbìn ìrẹsì. Ó wá gbé ìka lé èyí tí àmì rẹ̀ dà bíi ti ohùn òkè tiwa. Ìyá ni ìyẹn, ó ní. Mo ronú kan Ṣadé àti gbogbo má ti ìyá rẹ̀. Lan lẹ ìwé náà mọ́ ara kọ̀ǹpútà mi. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.

N kì í fi ìmọ̀ràn omi sí abẹ́ ìròyìn mọ́ láìfi àmì sí i, láìkọ́kọ́ kà á fún Ṣadé lórí fóònù. Àwọn ìbejì ti ń rìn báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń ka ọ̀rọ̀ kan lórí omi òjò lọ nígbà tí ó pariwo, “Má mu ún!”

Mo dúró. Mo bi í léèrè ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

“Tiyín dára, Aunty. Táíwò ni. Abọ́ omi ajá ló gbé sẹ́nu.”

Mo gbọ́ tí abọ́ náà kan ilẹ̀. Ọmọ náà kò béèrè èwo nínú méjèèjì, má tàbí máa.