Ẹlẹ́rìí Kan Ṣoṣo Tí Wẹ́dà Ní

Nígbà tí mo ṣì kéré, fèrè iléeṣẹ́ tó ń dún láti ọ̀nà Ìkẹjà ni aago gbogbo wa ní Agége. Tó bá ti dún láàárọ̀, bàbá mi á ti wọ bàtà iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba lé wa lórí, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣe fọ́máànù sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ebi wọlé tọ̀ wá, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Àmọ́ ará àdúgbò ò yéé bọ̀wọ̀ fún bàbá mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni tọkọtaya tó bá jà ń gbé ẹjọ́ wá. Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ fún ẹlòmíì ní nǹkan gidi, bàbá mi ni wọ́n máa ń pè kí wọ́n wá jókòó tì wọ́n, kí ọ̀rọ̀ lè ní ẹlẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Báyìí náà ni wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ tí bàbá arúgbó tó nilẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń jó irin ní iwájú ilé wa ní ibi tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Wẹ́dà la máa ń pe ọkùnrin náà. Bàbá arúgbó ní, "Mo fún ọ. Ọmọ mi kankan ò gbọdọ̀ lé ọ kúrò níbẹ̀." Bàbá mi ló pa obì tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ ẹ́. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìjọba fi bàbá mi ṣe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta ní kóòtù ìbílẹ̀. Áà, ayọ̀ ọjọ́ yẹn! Ìyá mi jó títí gèlè fi bọ́. Wẹ́dà tún géètì wa jó lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní géètì ilé adájọ́ ò gbọdọ̀ máa ké. Èmi náà ń yan kiri. Ta ló tún tó bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ ni bàbá arúgbó kú. Ọmọ wọn dé láti ìdálẹ̀, ó ní òun ti ta ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ó sì pe Wẹ́dà lẹ́jọ́. Ẹ̀rín ni Wẹ́dà ń rín nígbà tó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kóòtù yín ló pè mí sí o! Mi ò wá lọ́yà, mi ò wá ẹnì kankan. Ṣebí ojú yín ni gbogbo ẹ̀ ṣe."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, torí pé ojú mi ló ṣe, mi ò lè dá ẹjọ́ náà. Mo máa dìde lórí àga."

"Kò burú náà. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ wá jẹ́rìí."

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ṣùgbọ́n olórí kóòtù ní adájọ́ kì í jẹ́rìí níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń dájọ́. Bí bàbá mi bá fẹ́ jẹ́rìí dandan, kí wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ nílé báyìí, ìyá mi kúnlẹ̀. "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ wo ló tún wà níta? Kí làwọn ọmọ yìí máa jẹ?" Bàbá mi jáde síta. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àánú bàbá mi ń ṣe mí, ẹ̀rù ebi sì ń bà mí. Kí ni ọmọdé lè ṣe? Mo kàn ń gbàdúrà pé kí ọmọ bàbá arúgbó yí ọkàn padà ni. Kò yí i padà.

Ìyá mi wà ní kóòtù lọ́jọ́ ẹjọ́, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Bàbá mi dìde lórí àga, wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sé ilẹ̀kùn. Àwọn adájọ́ méjì tó kù bi Wẹ́dà pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ dà. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé kò ní ẹlòmíì ni? Ó ní, "Ẹni tó fún mi ti kú. Ẹni tó kù ló wà nínú yàrá yẹn." Gbogbo èèyàn ń wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ọmọ bàbá arúgbó ló jàre. Lọ́jọ́ tí Wẹ́dà ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá, ó yà kí wa. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ yín." Bàbá mi sìn ín dé ẹnu géètì. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé ìjà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa mọ́, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n síbi obì.

Ayé ti yí lónìí. Ẹ̀yin, ẹ ò ní ra páálí ìṣáná kẹ́ ẹ má gba rìsíìtì. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí fún yín, ẹ ti yọ fóònù síta, ẹ ti ń ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, pé báwo làwọn àgbà ṣe ń gba ilẹ̀ láìgbàwé? Mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ Wẹ́dà ní ìwé o. Bàbá mi ni ìwé rẹ̀. Ìjọba ló kó ìwé náà sínú yàrá, tí wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àwa ọmọ sì ń rí oúnjẹ jẹ nílé.